Pádì Mẹ́ta Láàárín Oṣù Mẹ́rin: Bíréèkì Iwájú Kan Tó Ń Ké ní Bàrígà

A gbọ́ ọ kí a tó rí i. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni, nínú oṣù Keje, òjò òru ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ọmọ iṣẹ́ mi ń gbá iwájú ọgbà mẹkáníìkì wa, èmi jókòó ti ògì àti àkàrà mi, ni ohùn kan bá ń bọ̀ láti kọ̀rọ̀ àdúgbò: ṣíín, ṣíín, ṣíín, bí ìgbà tí ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ bá fi ọ̀bẹ kan òkúta. Ọmọ iṣẹ́ mi gbé ìgbálẹ̀ dúró. Ó ní, "Ọ̀gá, ọ̀dọ̀ wa nìyẹn ń bọ̀." Bẹ́ẹ̀ ló sì rí.

Ọmọkùnrin tí gbogbo wa ń pè ní Dísípáàṣì ni. Ẹrù ló ń fi máṣíìnì gbé: aṣọ àti bàtà láti ọjà Tẹjúoṣó ní Yábàá lọ sí Ìkẹjà, oúnjẹ láti Ṣómólú lọ sí Sùúrùlérè, ohunkóhun tí wọ́n bá ṣáà ti dì fún un. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fi Ṣómólú, Múṣin, Kòsọ́fẹ́ àti Òṣòdì-Ìsọlọ̀ kún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ọ̀kadà ò gbọdọ̀ ti gbé èrò mọ́, irú máṣíìnì tirẹ̀ yìí, tó ní àpótí lẹ́yìn, ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń wọ ọgbà mi. Ìlò wọn le ju ti ọ̀kadà èrò lọ. Àpótí wúwo, oníbàárà ń pè láìdákẹ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò jẹ́ kí wọ́n rìn ju ìṣísẹ̀ mélòó kan lọ kí wọ́n tó tún di bíréèkì. Mo mọ̀ pé pádì wọn, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó ń fún dísìkì, àwo irin ara táyà, kí táyà lè dúró, kì í pẹ́. Ṣùgbọ́n ti Dísípáàṣì yìí ti kọjá ohun tí ènìyàn lè dì ru iṣẹ́.

"Bàbá Ìbejì, ẹ káàárọ̀ o, ẹ kú iṣẹ́." Kò dúró gba èsì. "Bíréèkì yìí fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́. Àwọn oníbàárà ti ń jáde síta kí n tó pè wọ́n. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ mi láti ìdí òpó iná."

Mo ní kó jókòó, kó mí ná. Ó wá rò ó. Pádì kìn-ín-ní, ọ̀dọ̀ mi ni a ti pààrọ̀ rẹ̀, nínú oṣù Kẹta. Nígbà tó máa fi di ìparí oṣù Karùn-ún, ó ti ń ké. Kò ráyè wá sí Bàrígà lọ́jọ́ náà, ló bá yà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan lójú ọ̀nà, ìyẹn sì fi pádì tuntun sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, igbe dé. Mẹkáníìkì mìíràn yọ pádì náà, ó fi sanpépà fá a lójú, ó ní ó ti tán. Nígbà tí kò tán, ó tà á ní òmíràn. Ẹ̀kẹta yẹn ló ń ké lójú wa yìí.

"Ìgbà tí ẹ̀yin ṣe é ló dáa jù," ni Dísípáàṣì wí. Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Bí bíréèkì tó ń ké bá dé ọ̀dọ̀ mi, n kì í tètè fọwọ́ kan sípánà. Ìbéèrè ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi kan máa ń fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọ̀pẹ̀lẹ̀ ló kù kí n gbé kalẹ̀. Kò burú. Bíréèkì méjì lè máa dún bákan náà kí àìsàn wọn má sì bára tan rárá. Ìgbà tó ń dún ni mo ń wá.

Mo ní, "Ṣé ìgbà tí o bá tẹ̀ ẹ́ ló ń ké ni, àbí ìgbà tí o bá fi í sílẹ̀?"

"Ìgbà tí mo bá fi í sílẹ̀, Bàbá. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ṣe ló máa ń dákẹ́."

"Láàárọ̀ ńkọ́, tí o bá kọ́kọ́ gbé e jáde?"

"Láàárọ̀, kírrr ni, àgàgà tí òjò bá rọ̀ mọ́jú. Tí mo bá ti tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn á ti lọ. Ṣíín yìí kì í dé àfi tí mo bá ti rìn díẹ̀. Láti ilé, ó máa ń tó Fadéyì kó tó bẹ̀rẹ̀. Lónìí mo ti gbé ẹrù dé Ọ̀jọ́ta kí n tó wá."

"Ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n tí o bá tẹ̀ ẹ́?"

"Rárá o. Ṣùgbọ́n ó máa ń dún kọ́! lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ọwọ́ bíréèkì."

Ohùn mẹ́ta nìyẹn, ọmọ náà sì ti ń pe gbogbo wọn ní "igbe" láti ọjọ́ yìí. Kírrr ti àárọ̀, kì í ṣe àìsàn. Dísìkì tó sun ìta nínú òjò á yọ ìpẹtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lójú, pádì á sì nù ún kúrò nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Mo yọ ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kọ́! tó ń dún lẹ́ẹ̀kan, ohun kan ló tú tàbí tó láyè jù, tó ń sún títí yóò fi kan ibi tó ti lè dúró. Ọwọ́ tí kò gbọ̀n fi hàn pé ó ṣòro kí dísìkì wọ́, tàbí kó nípọn níbìkan kó tín-ín-rín níbòmíràn. Ó ku ṣíín. Ohun tó ń ké nígbà tí a ò tẹ bíréèkì, tó sì ń dákẹ́ nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, ohun tó ń fara kan ohun mìíràn díẹ̀díẹ̀ ni. Kò dì í mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

Bí mo ṣe mọ èyí tó, síbẹ̀ mo ṣìnà.

Ní oṣù yẹn, àgbàrá ti ba bẹ́ríìnì máṣíìnì mẹ́rin jẹ́ lọ́wọ́ mi, ìyẹn òrùka irin àárín táyà tó ń jẹ́ kó yí geere. Ẹni tó bá mọ Bàrígà lásìkò òjò yóò mọ ohun tí mò ń sọ: omi á dé àárín táyà, ẹni tó gun máṣíìnì á sì gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Nítorí náà, bí Dísípáàṣì ṣe ní "ìgbà tí mo bá fi í sílẹ̀," bẹ́ríìnì ni ọkàn mi lọ bá. A gbé máṣíìnì sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, a fi pákó ti ìdí ẹ́ńjìn sókè kí táyà iwájú má baà kan ilẹ̀. Mo yí táyà, ó ní ṣíín. Mo di orí àti ìsàlẹ̀ táyà mú, mo mì í. Ó ṣe mí bíi pé ó mì díẹ̀. Bí ènìyàn bá ti mọ ohun tó fẹ́ rí, ọwọ́ á bá a rí i.

Mo tú kálípà, irin tó gbé pádì dání tó ń fi wọ́n fún dísìkì, mo fi wáyà so ó mọ́ ara ṣọ́ọ̀kì kó má baà fi ọ̀pá ọ́ìlì rẹ̀ rọ̀ dìrọ̀dìrọ̀, mo yọ táyà, mo rán ọmọ iṣẹ́ lọ ra bẹ́ríìnì 6301 méjì. A lu àtijọ́ jáde, a lu tuntun wọlé. A dá táyà padà, mo yí i. Kẹ́kẹ́. Kò sí ohùn kankan. Mo pe Dísípáàṣì láti ibi tó ti ń tẹ fóònù: "Wá gbọ́. Ó ti tán." Inú rẹ̀ dùn. Mo gbé kálípà padà sí àyè rẹ̀, mo dì í, mo tún yí táyà.

Ṣíín.

Ọmọ iṣẹ́ mi ò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Kálípà ò sí níbẹ̀ nígbà tó dákẹ́. Ti àtijọ́ náà ì bá dákẹ́." Ẹ̀rín pa Dísípáàṣì. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo gbé bẹ́ríìnì àtijọ́ kan lórí tábìlì, mo fi í bọ orí ìka, mo yí i: ó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ìgbà tó jáde nínú páálí. Ká ní mo yí táyà wò lẹ́yìn tí mo tú kálípà, kí n tó lu ohunkóhun jáde, ìṣẹ́jú kan ì bá ti sọ fún mi pé kì í ṣe bẹ́ríìnì. Owó bẹ́ríìnì méjèèjì, àpò mi ló ti jáde. N ò lè ní kí ọmọ ọlọ́mọ san owó ìṣìnà mi.

A padà sórí kálípà. Kí ẹni tí kì í ṣe mẹkáníìkì lè máa bá mi bọ̀, kó mú ìwé kan, kó fi àtàǹpàkò àti ìka kejì dì í mú. Irú kálípà tó wà lára máṣíìnì yìí, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni písítìnì wà, òun ni àtàǹpàkò. Ọ́ìlì ló ń tì í. Ẹ̀gbẹ́ kejì ò ní písítìnì, ìka tó kàn dúró ni. Bí písítìnì bá ti pádì tiẹ̀ kan dísìkì, kálípà fúnra rẹ̀ á yọ̀ sẹ́yìn díẹ̀, á sì fa pádì ẹ̀gbẹ́ kejì wá kan dísìkì pẹ̀lú. Ibi tó ti ń yọ̀ ni ọ̀pá irin kékeré méjì tí à ń pè ní píìnì, tí rọ́bà bò lẹ́nu kí omi àti iyanrìn má baà wọlé. Bí kálípà ò bá lè yọ̀ lórí píìnì wọ̀nyẹn, àtàǹpàkò nìkan ni yóò máa ṣiṣẹ́.

Mo di kálípà mú lọ́wọ́ méjèèjì, mo tì í, mo fà á. Ó yẹ kó máa lọ máa bọ̀ bíi dúrọ́ọ̀ tábìlì. Kò mira, àfi bí òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ náà gbìyànjú. Ó tì í títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ.

A yọ pádì. Mo mú fáníà tí mo fi ń wọn nǹkan. Pádì tó wà lọ́dọ̀ písítìnì ti jẹ dé mìlímítà 0.9, ó ti kọjá ìlà tí wọ́n gbẹ́ sí i lára pé kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Èkejì ṣì nípọn tó mìlímítà 3.1. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n wọ ara máṣíìnì o, nínú páálí kan náà ni wọ́n sì ti jáde. Èyí tó ti jẹ náà ò jẹ dọ́gba: orí rẹ̀ kan tín-ín-rín ju orí kejì lọ, bí ẹ̀là iṣu tí wọ́n fi ọ̀bẹ gbé ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń dán bíi dígí. Iná ló sun ún tó fi dán bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ wá hàn. Kálípà ti gan. Písítìnì ń ti pádì tiẹ̀ nìkan, kálípà ò sì yọ̀ padà tí ọwọ́ bá kúrò lórí bíréèkì, pádì á wà ní ìdàgẹ̀rẹ̀, etí rẹ̀ kan á máa fara kan dísìkì bó ṣe ń yí. Ibi tó ti ń fara kàn án ló ti ń gbóná. Ìdí nìyẹn tí igbe kì í fi í bẹ̀rẹ̀ kó tó dé Fadéyì. Bó bá gbóná, ojú rẹ̀ á dán, ohun tó bá sì dán bẹ́ẹ̀ á máa gbọ̀n lórí irin, gbígbọ̀n yẹn ni ṣíín. Bí ó bá wá tẹ bíréèkì gidi, písítìnì á di pádì náà mú pinpin, kò ní lè gbọ̀n mọ́, á dákẹ́. Mẹkáníìkì tó fi sanpépà fá a, dídán yẹn ló fá kúrò. Ohun tó ń mú un dán ṣì wà níbẹ̀.

Kí n tó dé ìdí píìnì, mo yẹ ìyókù wò, nítorí mi ò fẹ́ tún fi ẹnu ara mi pe bẹ́ríìnì kejì. Dísìkì nípọn ní mìlímítà 3.8, wọ́n sì tẹ MIN 3.5 sí i lára, ìyẹn ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ dín sí. Ó ṣì lè sìn. Mo fi wáyà kan so mọ́ ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì, mo tẹ ẹnu rẹ̀ súnmọ́ ojú dísìkì, mo yí táyà jẹ́ẹ́, mo ń fi abẹ́ irin tín-ín-rín wọn àyè tó wà láàárín wọn. Àyípadà rẹ̀ ò tó mìlímítà 0.2. Ìwé ọ̀pọ̀ máṣíìnì gbà tó 0.3. Rọ́bà ṣọ́ọ̀kì gbẹ, kò jo. Aṣọ funfun tí mo fi nu dísìkì dúdú fún eruku pádì, ọ́ìlì ò sí níbẹ̀. Mo di bíréèkì iwájú mú, mo ti máṣíìnì síwájú sẹ́yìn, mo fi ìka sí ọrùn hándù: kò mì níbẹ̀. Àmọ́ mo gbọ́ kọ́! láti ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo wo inú kálípà, irin pẹlẹbẹ kékeré tó máa ń tẹ pádì mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà máa fò, kò sí níbẹ̀. Ẹnì kan ló yọ ọ́ tí kò dá a padà. Mo rántí dájú pé ó wà níbẹ̀ lóṣù Kẹta.

Mo wá kọjú sí píìnì. Ti òkè fi agídí jáde, mo fi sípánà yí i lọ yí i bọ̀ bí ẹni ń yọ eyín. Ti ìsàlẹ̀ kọ̀, àfi ìgbà tí mo fi òòlù rọ́bà kàn án. Nígbà tó yọ, rọ́bà ẹnu rẹ̀ bá a jáde. Ó wú. Ó rọ̀, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ mọ́jú, kò bá ihò rẹ̀ mu mọ́, ẹnu rẹ̀ ti ṣí, omi sì ti gba ibẹ̀ wọlé. Àárín píìnì ti dípẹtà. Ní ìdí ihò náà, gírísì kan ṣì wà níbẹ̀.

Pupa ni.

Mo wò ó. Ọmọ iṣẹ́ mi náà wò ó, ó sì gbójú sí agolo tó wà lórí pẹpẹ wa, gírísì pupa tí mo fi ń ṣe bẹ́ríìnì. Kò sọ nǹkan kan. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Ní oṣù Kẹta, gírísì tó yẹ fún bíréèkì tán lọ́wọ́ mi. Sílíkóònù ni wọ́n fi ń ṣe é, kò pọ̀ ní àdúgbò, ó sì wọ́n. Mo rò pé gírísì ni gírísì. Mo fi pupa sí píìnì Dísípáàṣì, mo tilẹ̀ fi púpọ̀ sí i kó lè pẹ́, ọ̀yàyà ni mo fi ṣe é. Ohun tí mo gbójú fò ni pé rọ́bà ara bíréèkì yàtọ̀ sí rọ́bà ara ẹ́ńjìn. Irú rọ́bà tí ọ́ìlì bíréèkì ò lè ṣe nǹkan kan fún ni, ṣùgbọ́n epo tí wọ́n fà láti inú epo rọ̀bì ló ń bà á jẹ́: bẹntiróòlù, kẹrosíìnì, ẹ́ńjìn ọ́ìlì, àti gírísì pupa mi yìí. Á mu ún, á wú. Kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìdí nìyẹn tí Dísípáàṣì fi ní tèmi ló dáa jù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni rọ́bà náà fi ń wú díẹ̀díẹ̀, àwọn tó sì gbà á lẹ́yìn mi jogún kálípà tó ti gan.

Ó ṣe mí bíi kí n fi àkísà nu ihò yẹn kíákíá. Dísípáàṣì ò mọ àwọ̀ gírísì. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ mi ń wò mí, iṣẹ́ tí mo bá ṣe lójú rẹ̀ ni yóò máa ṣe nígbà tó bá gba òmìnira. Mo pe Dísípáàṣì, mo fi rọ́bà náà sí i lọ́wọ́, mo fi agolo hàn án.

Ó yí rọ́bà náà wò títí. "Bàbá Ìbejì. Ẹ̀yin náà?"

"Èmi náà."

"Àwọn méjèèjì tí mo gbé e lọ bá ńkọ́?"

Mo ní wọn ò jẹ̀bi gírísì, ṣùgbọ́n pádì kan tó jẹ tán tí èkejì rẹ̀ ò jẹ ti sọ ohun gbogbo fún ẹni tó bá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n yọ pádì, wọn ò wò ó. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kí n ṣáà ṣe é, òun ní ẹrù márùn-ún láti gbé kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò gbé márùn-ún ọjọ́ náà. Ọmọ iṣẹ́ mi ló bá a wá ẹni tó gbé mẹ́ta, mo sì sanwó fún ẹni yẹn.

Àtúnṣe náà ò le bí ìwádìí rẹ̀. Mo fi sanpépà tó kúná jù bó píìnì lára títí ìpẹtà fi kúrò, mi ò bó o jìnnà kó má baà tín-ín-rín. Mo fi aṣọ àti sípírítì fọ ihò méjèèjì títí pupa kankan ò fi yọ mọ́. Rọ́bà tuntun méjì àti irin pẹlẹbẹ tó sọnù, Múṣin ni a ti rí wọn, lẹ́yìn ìsọ̀ mẹ́rin. Gírísì sílíkóònù, ìwọ̀n èékánná ìka kékeré tó fún píìnì kọ̀ọ̀kan. Mo fa ọwọ́ bíréèkì díẹ̀ kí písítìnì yọ orí, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti ọ́ìlì bíréèkì tuntun fọ ara rẹ̀ yíká kí n tó tì í padà, nítorí bí a bá ti ìdọ̀tí wọlé pẹ̀lú rẹ̀, rọ́bà inú ló máa gé.

Ọ́ìlì bíréèkì àtijọ́ ti pọ́n bí omi àgbo. Mo dà á nù. Àwọn ènìyàn kan rò pé ọ́ìlì bíréèkì kì í bàjẹ́ níwọ̀n ìgbà tí kò bá jo. Ó ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ Èkó, ẹ sọ fún mi, ìgbà wo ni kì í lómi nínú? Irú ọ́ìlì bíréèkì tí wọ́n ń pè ní DOT 4, tuntun rẹ̀ kì í hó títí yóò fi gbóná dé 230°C. Bó bá ti mu omi tó, 155°C lè mú un hó, èéfín á sì wà nínú ọ̀pá dípò ọ́ìlì, ọwọ́ bíréèkì á kàn rì wọlé bíi fùkẹ̀ láìmú nǹkan kan dúró. DOT 3 kéré jù bẹ́ẹ̀: 205°C ní tuntun, 140°C bó bá ti mu omi. Ara ìdérí agolo kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ hándù ni wọ́n kọ èyí tó yẹ sí. Agolo tí a ti ṣí láti oṣù mẹ́ta, tó wà lórí pẹpẹ láìdé dáadáa, n kì í lò ó.

Ọmọ iṣẹ́ fa ọwọ́ bíréèkì, ó dì í mú, mo ṣí ojú ihò kálípà, mo tì í, ó jọ̀wọ́. A ń ṣe é bẹ́ẹ̀ títí afẹ́fẹ́ fi tán, a sì ń wo agolo òkè kó má baà gbẹ. A fi pádì tuntun sí i. Mo tún fi sanpépà bó ojú dísìkì ní àbùjá, mo fi sípírítì nù ún. Kí ẹnikẹ́ni tó gun ún, mo ní kí Dísípáàṣì fa ọwọ́ bíréèkì léraléra títí yóò fi le. Ẹ má fojú kéré èyí. Bí a bá ti písítìnì padà, fífà àkọ́kọ́ kì í mú nǹkan kan, mo sì mọ ẹni tó ti inú ọgbà mẹkáníìkì jáde wọ gọ́tà tààrà.

Mo gun ún fúnra mi lọ sí ọ̀nà Akọ́kà, lẹ́yìn ọ̀sán tí ọkọ̀ dínkù. Mo ń sáré dé nǹkan bí 40 kìlómítà ní wákàtí kan, mo ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí eré á fi kù díẹ̀, n kì í jẹ́ kó dúró pátápátá, mo sì ń fi àyè sílẹ̀ láàárín kó lè tutù. Nǹkan bí ogún ìgbà. Pádì tuntun gbọ́dọ̀ bá dísìkì mọra kó tó lè mú un dáadáa. Lẹ́yìn náà mo pa ẹ́ńjìn ní ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, mo jẹ́ kó máa yí lọ fúnra rẹ̀, mo ń fetí sílẹ̀. Mo gbọ́ táyà lórí ọ̀dà. Mo gbọ́ obìnrin kan tó ń kiri bọ̀ọ̀lì. Èyí tí mo wá gbọ́, mi ò gbọ́ ọ.

Dísípáàṣì sanwó pádì. Mi ò gba owó iṣẹ́, kò sì bá mi jà sí i.

Mo ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí n rí i bó ti lè ṣe dákẹ́ tó. Ó dé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, a ò gbọ́ ọ kó tó wọlé. Fáníà ní 3.6 lọ́dọ̀ písítìnì, 3.7 lódì kejì. Kálípà ń yọ̀ lábẹ́ ìka kan. Láàárọ̀ tí òjò bá rọ̀ ó ṣì máa ń ní kírrr, mo ní kó jẹ́ kó wí tiẹ̀.

Ọ̀ràn náà ò parí lọ́dọ̀ tèmi. Mo ní ìwé àjákọ kan tí mo ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí. Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn, mo jókòó sídìí iná, mo yẹ̀ ẹ́ wò láti ọjọ́ tí gírísì bíréèkì ti tán lọ́wọ́ mi títí dé ọjọ́ tí mo ra òmíràn. Máṣíìnì mẹ́sàn-án ni mo ti kun píìnì wọn, ti Dísípáàṣì wà nínú wọn. Mo pe àwọn mẹ́jọ yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan rò pé mo ń wá iṣẹ́, ó ní bíréèkì òun ò ṣe nǹkan kan. Mo ní kó ṣáà gbé e wá, ọ̀fẹ́ ni. Mẹ́fà ló ti dé títí di òní. Rọ́bà mẹ́rin nínú wọn ti wú, ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ sí ké, olówó rẹ̀ rò pé ṣéènì ni. Ọmọ iṣẹ́ mi ti fi ọ̀dà funfun kọ BẸ́RÍÌNÌ NÌKAN sára agolo pupa, mi ò rán an.

Ó ku méjì. Ọ̀kan ní Àlàbá ló ń gbé báyìí, ó ní òun á wá lọ́jọ́ Àìkú. Èkejì, nọ́ńbà tí mo kọ sílẹ̀ fún un kò wọlé mọ́. Máṣíìnì dúdú ni, àpótí rẹ̀ pupa, wọ́n lẹ àwòrán ẹyẹ idì mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo máa ń wo ẹ̀yìn gbogbo dísípáàṣì tó bá gba iwájú ọgbà kọjá.